Ṣọ́ọ̀bù Tó Mọ Oníbàárà Rẹ̀

Kò sí àdúgbò tí kò ní ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń ra búrẹ́dì láàárọ̀, ó mọ̀ pé bí òtútù bá mú, mílíìkì á yá ju omi tútù lọ. Ohun tó fi ń rọ́wọ́ mú láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀bù bá di mẹ́wàá ńkọ́? Orí ẹnì kan ò lè gbé e mọ́.

Ohun tó dojú kọ Seven-Eleven, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù sí àwọn àdúgbò, ní Jàpáàn nìyí. Toyosu, nílùú Tokyo, ni wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ lọ́dún 1974. Àwọn ṣọ́ọ̀bù náà kéré. Bí ọjà tí kò tà bá gba orí àtẹ, èyí tó ń yá kò ní ríbi jókòó. Lọ́dún 1982, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ POS. Àwa mọ POS sí ohun tí a fi ń gba owó. Tiwọn tún ń kọ ọjà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n tà á. Nígbà náà, ẹni tó ń gbowó á sì tẹ bọ́tìnnì kan láti fi hàn bóyá ọkùnrin ló rà á tàbí obìnrin, àgbà tàbí ọmọdé.

Ẹ wo onigiri, ìrẹsì tí wọ́n fi ewéko inú òkun wé, tí kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ bèèrè fún ti ọ̀la, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́, á kọ́kọ́ yẹ àkọsílẹ̀ wò: èwo ló tán kí ọ̀sán tó pọ́n? Ṣé òjò á rọ̀ lọ́la? Ṣé ayẹyẹ kan wà nítòsí? Á ro iye tó máa tà, á bèèrè fún un. Bó bá di ọjọ́ kejì, á wò ó bóyá èrò òun jóòótọ́. Toshifumi Suzuki, ọ̀gá wọn nígbà náà, kò fi iṣẹ́ ìrònú yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, nítorí oníbàárà àná kọ́ ni ti ọ̀la. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti borí. Ẹnikẹ́ni tó lówó lè ra ẹ̀rọ. Àṣà bíbéèrè lójoojúmọ́ ni kò ṣeé rà.

Southland, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni orúkọ Seven-Eleven nígbà náà, wọ gbèsè débi pé ó lọ sí kóòtù lọ́dún 1990. Lọ́dún 1991, àwọn ará Jàpáàn náà ra ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù wọn ní Jàpáàn nìkan ju 20,000 lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ sílé-iṣẹ́ yín, kí ẹ tó sanwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ tó wà nídìí àtẹ: kí ló ń fẹ́ mọ̀ nípa oníbàárà tí kò tíì mọ̀?