«Sìn mí» àti «sin mí»: Ọ̀rọ̀ tí a lè fi pe ẹni tí ayé sú jáde láti rìn

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wò tí a lè fi pe ẹni tí ayé ti sú jáde kúrò nílé, kó wá bá wa rìn níta. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti dókítà nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún ní ayé lé ní 700,000. Púpọ̀ nínú wọn wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, níbi tí ẹbí àti aládùúgbò ti máa ń mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ kí òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ̀.

Ẹ̀rí tó wà nípa ìrìn àti ìdárayá kò pọ̀ tó ariwo tí àwọn kan ń pa lé e lórí, ṣùgbọ́n kò kéré. Ní 1999, James Blumenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke, ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Ènìyàn 156 ló kópa, gbogbo wọn ti pé ẹni 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì ń bá wọn jà. Àwọn kan ń rìn kánkán tàbí kí wọ́n máa rọra sáré lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn kan ń lo oògùn, àwọn yòókù ń ṣe méjèèjì. Oògùn ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ 16 pé, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní 2023, Nicholas Fabiano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 17 jọ, tí àwọn tó kópa nínú wọn jẹ́ 1,021. Wọ́n rí i pé ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni dín láàrin àwọn tó ń ṣe ìdárayá. Èrò ikú fúnra rẹ̀ kò dín lọ́nà tó hàn gbangba. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìrìn máa ń lé èrò ikú lọ ti sọ ju ohun tí ẹ̀rí gbé lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìwé ìlera tí à ń rí gbà ní Benin, èdè Faransé ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, àwa la máa túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìwé bá sọ pé «activité physique en plein air», akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ kọ «iṣẹ́ ara». Àgbẹ̀ tó ti kọ ebè láti òwúrọ̀ yóò ní òun ti ṣe iṣẹ́ ara tó. Bí a bá kọ «eré ìdárayá», a ti fi eré sí i. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Kétu tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí ẹ wò ó bóyá yóò jáde lọ ṣeré lójú àwọn àna rẹ̀. «Gbafẹ́» tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí afẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, «nasẹ̀» ló sún mọ́ ohun tí à ń wá: ẹsẹ̀ la fẹ́ nà, kò sí ìgbádùn níbẹ̀, kò sì sí àìsàn.

Mo ṣàkíyèsí ohun kan nínú «ìdárayá» tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ́fọ́lọ́jì wò dáadáa. «Pa ara ẹni» àti «dá ara yá», ara kan náà ló wà nínú méjèèjì. Àkọ́kọ́ fi ara ṣe ẹni tí à ń ṣe nǹkan sí. Èkejì fi ara ṣe ohun tó ń yá. Ìdí nìyẹn tí «ara rẹ̀ kò yá» fi lè jẹ́ ibà, tó sì lè jẹ́ ìbànújẹ́ tí kò ní orúkọ. Àwọn ará Zimbabwe rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lò. Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Harare ní 2006, níbi tí àwọn ìyá àgbà ti ń jókòó pẹ̀lú aláìsàn lórí àga gbọọrọ níta, nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Wọn kò lo orúkọ àìsàn tó wá láti ìwé òyìnbó. «Kufungisisa» ni wọ́n ń pè é ní èdè Shona: -funga ni ríronú, -isis- sì ń fi hàn pé ó ti pọ̀ jù. Àwa náà ń sọ pé «ó ń rò jù». Kò sí ẹni tí ojú máa ń tì láti gbà pé òun ń rò jù.

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: sísin àlejò. Bí àlejò bá fẹ́ máa lọ, onílé á dìde, á sìn ín dé ojú ọ̀nà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń jáde níbẹ̀. Ohun tí wọn kò lè sọ nínú ilé, tí gbogbo ẹbí jókòó, wọ́n á sọ ọ́ lójú ọ̀nà, torí pé iwájú ni àwọn méjèèjì ń wò. Nítorí náà, ẹni tó lọ kí ẹni tí ayé sú kò nílò láti sọ pé «wá ṣe ìdárayá, yóò wò ọ́ sàn». Ó lè sọ pé «sìn mí díẹ̀». Ẹni tí à ń tọ́jú ti di ẹni tó ń ṣe oore.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: a ní «kà á», a sì ní «ka ìwé». Bẹ́ẹ̀ náà ni «sìn ín» àti «sin àlejò». Èyí mú kí «sin àlejò» rí bákan náà, yálà ojú ọ̀nà la sìn ín dé tàbí ilẹ̀ la sin ín sí. Níwájú arọ́pò-orúkọ nìkan ni ìyàtọ̀ ti hàn: «sìn mí» ni kí o bá mi dé ọ̀nà, «sin mí» ni kí o gbé mi sin. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí ìṣòro. Lórí WhatsApp, níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí i, «wa sin mi» lè dé ọwọ́ ẹni tí ikú ti wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní fi àmì sí i, ẹ kọ «wa ba mi de oja», tàbí kí ẹ pè é lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. «Sìn» tún jẹ́ sísin ọ̀gá tàbí òrìṣà, kò sì yẹ kí ọmọdé sọ fún àgbà pé kó sin òun. Ọmọdé á ní, «Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín nasẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ yín.»

Bí ẹ bá ti ń rìn, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ náà tààrà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé bíbéèrè kì í fi èrò ikú sí ẹni lọ́kàn. «Ṣé ẹ ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara yín?» tó. Ẹ má lo àwọn ọ̀rọ̀ wa tó ń dárúkọ ọ̀nà ikú nínú ara wọn. N kò kọ wọ́n síbí. Ẹ má sì pa òwe «ikú yá ju ẹ̀sín lọ» níbẹ̀, bó ti wù kó dùn lẹ́nu àgbà. Ẹni tí gbèsè tàbí ìtìjú ti dé mọ́lé lè gbọ́ ọ bí ìmọ̀ràn. Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìrìn ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un dé ilé ìwòsàn, kí ẹnì kan nínú ẹbí sì kó ohun tó lè fi pa ara rẹ̀ kúrò nítòsí.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ó kàn ń rò jù, ìbéèrè kan ṣì kù: ẹni tó sìn yín ń padà lọ sílé lóun nìkan. Ẹ yí padà kí ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bí àwọn ọ̀rẹ́ ṣe máa ń sin ara wọn lọ sin ara wọn bọ̀. Níbẹ̀, «ó dàbọ̀» kò dárúkọ ọjọ́ kankan. Ẹ sọ pé «ó di ọ̀túnla, lẹ́yìn ìrun àsárì», kí ẹ sì dúró kó dáhùn.