Ẹyin Obìnrin Kì í Ṣe Ẹyin Adìẹ

Ọjà kan wà tí kò ní ìyálọ́jà. Ní ọdún 1999, ìpolówó kan jáde nínú ìwé ìròhìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì ńláńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Tọkọtaya kan tí ń wá ọmọ ní àwọn yóò san $50,000 fún ọmọbìnrin tí yóò fún àwọn ní ẹyin inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ga, kí ó mọ eré ìdárayá, kí ó sì ti gba máàkì 1400, ó kéré tán, nínú ìdánwò ìwọlé. Àfi bí ẹni ń yan màlúù!

Èmi kò bá ẹni tí ń wá ọmọ jà. Ọ̀nà tí a ń gbà wá àwọn ọmọbìnrin náà ni ó ń kọ mí lóminú. Owó ni wọ́n ń fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Ewu rẹ̀, wọn a sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń gbó nínú obìnrin lóṣù. Kí ó lè di mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa gún un ní abẹ́rẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà, wọn yóò fún un ní oògùn oorun, wọn yóò sì fi abẹ́rẹ́ gígùn gba ojú ara rẹ̀ fa ẹyin náà jáde. Ọ̀pọ̀ ń lọ sílé ní àlàáfíà. Ní ti àwọn mìíràn, ilé ẹyin wọn a wú, omi a kún ikùn, mímí a ṣòro, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ti pa ènìyàn rí.

Ní 2000, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìbímọ ní Amẹ́ríkà sọ pé owó tí ó bá ju $5,000 lọ gbọ́dọ̀ ní ìdí, èyí tí ó bá sì ju $10,000 lọ kò tọ́. Ní 2011, àwọn obìnrin kan pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ẹgbẹ́ oníṣègùn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti para pọ̀ dá iye lé àwọn. Ní 2016 wọ́n parí ẹjọ́ náà, ẹgbẹ́ sì yọ iye owó kúrò nínú ìlànà rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò yóò gbà pé àwọn obìnrin náà rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ní Bìrìtéènì, òfin ni ó ń ṣọ́ ọ. Owó gbà-má-bínú ni wọ́n ń san: £750 láti 2012, wọ́n sì fi kún un ní 2024. Obìnrin tí ó bá fi ẹyin sílẹ̀ láti April 2005 mọ̀ pé ọmọ náà lè béèrè orúkọ òun bí ó bá pé ọdún 18.

Nílé níbí, àwọn alágbàtà ń tọ àwọn ọmọ yunifásítì wa lọ. Lójú tèmi, iye owó kọ́ ni kókó. Ẹni tí kò ní rí owó tirẹ̀ gbà bí ọmọ náà bá kọ̀, ṣé òun ni ó yẹ kí ó ṣàlàyé ewu fún un? Dókítà tí kò ní èrè níbẹ̀ ni ó yẹ. Ẹ̀yin tíṣà, bí ọmọbìnrin kan bá mú ọ̀rọ̀ náà tọ̀ yín wá, ẹ má bú u. Ẹ ní kí ó bi alágbàtà pé: oògùn wo ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè ṣe é? Bí ikùn mi bá wú lóru, ta ni n ó pè, ta ni yóò sì san owó ọsibítù?