Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ìfarabalẹ̀ fún ìyálọ́mọ tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀

A ti kí yín kú ewu ọmọ, ṣùgbọ́n owó ilé àti owó pámpáàsì kò jẹ́ kí ọkàn sinmi. Ìfarabalẹ̀ lè mú kí ọkàn rọlẹ̀ díẹ̀.

Kí ni ìfarabalẹ̀? Kéèyàn fọkàn sí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, láìdá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ní Massachusetts, Amẹ́ríkà, ní ọdún 1979.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é:
• Bí ọmọ bá ń mu ọmú, ẹ dẹ èjìká. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀marùn-ún.
• Bí ìrònú gbèsè bá dé, ẹ má bá a jà. Ẹ dá ọkàn padà sórí èémí.
• Bí ẹ bá ń wẹ ọmọ, ẹ fọkàn sí bí omi ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìfarabalẹ̀ kò ní san gbèsè o, kò sì ní rọ́pò ìrànlọ́wọ́! Ẹ̀yin bàbá ọmọ àti ìyá àgbà, ẹ gba ọmọ, kí ìyá rẹ̀ rí oorun sùn.

Bí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí èrò láti pa ara yín tàbí láti ṣe ọmọ léṣe bá wá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyálọ́mọ kan.