Okùn Tí Ń Bẹ Nínú Ilé: Ohun Tí Ojú Wa Rí ní Alajo

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó ti pẹ́ tí a ti fẹ́ bá yín sọ. Ní ọdún 2013, iṣẹ́ ìròyìn gbé wa dé ìlú Àkrá, a sì wọ̀ sí ilé olùkọ́ àgbà kan ní Alajo, àdúgbò tí kò jìnnà sí Kotobabi àti Accra New Town. Lagos Town ni wọ́n ń pe New Town yìí ní ayé àtijọ́, nítorí àwọn ará Nàìjíríà tí ń gbé ibẹ̀. Àṣẹ tí ìjọba Ghana pa ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ó lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà sílé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹni tí a wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ yìí. Ó wà lára àwọn díẹ̀ tí kò lọ. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé, a bá ilé náà nínú ìdààmú. Ọmọbìnrin Tíṣà ń kọ fọ́ọ̀mù láti wọ yunifásítì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ní kí ó gbà fi í ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti kọ ọ́ dé ìdajì tí okùn já. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó kù kí àsìkò gbígba fọ́ọ̀mù parí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́jọ sì jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń retí ìbéèrè ìdánwò WAEC ti àwọn ọdún àtẹ̀yìnwá, tí ojú-ewé kan ṣoṣo ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó yọjú.

“Olè ni wọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi,” ni Tíṣà wí. “Mẹ́gábíìtì mẹ́rin ni mo ń sanwó fún lóṣooṣù, ẹ wo ohun tí wọ́n ń fún mi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ohun kan náà ni wọ́n ń wí: kí n pa á, kí n tún un tàn.”

A kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tiwọn nìkan. A bi Tíṣà ní ìbéèrè kan: ìgbà wo gan-an ni ó máa ń já? Ó ronú díẹ̀, ó ní bí tẹlifóònù bá ti dún ni, tàbí bí ẹnìkan bá gbé e sétí ní yàrá. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà òjò ni ó sọ, tí ariwo ń hó nínú tẹlifóònù, à bá ní kí ó padà lọ dojú kọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ oríkèé wáyà lójú pópó, Alajo sì jẹ́ àdúgbò tí àgbàrá mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n àrùn tí ń dìde nígbà tí tẹlifóònù ilé bá dún, inú ilé ni a ti ń kọ́kọ́ wá a.

Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ADSL ni ilé náà ń lò. Wáyà bàbà kan náà ni ó ń ru ẹrù méjì. Ohùn ènìyàn ń gba ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3,400 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Íntánẹ́ẹ̀tì ń gba òkè, láti nǹkan bí 25,000 títí ó fi ju mílíọ̀nù kan lọ. Bí olúkúlùkù bá dúró ní ààyè tirẹ̀, kò sí ìjà. Ẹ̀rọ kékeré tí ń jẹ́ fílítà ni asẹ́ tí ó wà láàárín wọn. Gbogbo tẹlifóònù tí ó bá wà nínú ilé ni ó gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Bí ẹyọ kan kò bá ní, ó lè ba ti gbogbo ilé jẹ́. Tẹlifóònù yàrá Tíṣà kò ní.

A yọ gbogbo ohun tí ó so mọ́ wáyà: tẹlifóònù méjèèjì, àti ẹ̀rọ fáàsì àtijọ́ kan tí eruku ti bò. A wá ibi tí wáyà ti wọ ilé láti orí òpó, a rí i lẹ́yìn àpótí aṣọ, a tú àwọn ẹ̀ka yòókù kúrò lára rẹ̀, a sì fi okùn kúkúrú so módẹ́ẹ̀mù mọ́ ọn níbẹ̀ gan-an. Módẹ́ẹ̀mù a máa ní ojú-ewé kan tí ń fi eré okùn hàn, èyí tí ọ̀pọ̀ onílé kò ṣí rí. Ní pálọ̀, kílóbíìtì 600 ni ó kọ. Níbi àkọ́wọlé yìí, ó kọ 3,800. Tíṣà yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

“Ṣé wọn kò jà mí lólè nìyẹn?”

“Wọn kò jà yín lólè, bàbá. Wọn kò kọ́ yín ni.”

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àjà ilé. Ayálégbé mẹ́rin ni ó wà nínú ilé náà nígbà kan rí, olúkúlùkù sì fa ẹ̀ka tirẹ̀ láti ara wáyà kan ṣoṣo. Wọ́n ti kó lọ tipẹ́. Ẹ̀ka wọn ṣì wà lókè, orí rẹ̀ gé, kò dé ibìkankan. Ènìyàn lè rò pé wáyà tí kò so mọ́ nǹkan kò lè ṣe ibi. Ó ń ṣe é. Ìró tí ń bọ̀ láti òpó yóò yà sínú ẹ̀ka òkú yẹn, yóò sáré dé òpin rẹ̀, yóò sì ṣẹ́rí padà wá pàdé èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn òfìfo tí gbohùngbohùn kò jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ó wí.

Èyí tí ó tún wá burú ni pé wáyà tí ó lọ sí pálọ̀ kì í ṣe wáyà tẹlifóònù rárá. Wáyà pẹlẹbẹ tí a fi ń so sípíkà ni. Wáyà tẹlifóònù tòótọ́, méjì-méjì ni a ń lọ́ wọn mọ́ ara wọn, kí ariwo tí ó bá kan ọ̀kan lè kan èkejì bákan náà, kí ó sì di òfo. Alexander Graham Bell fúnra rẹ̀ ni ó gba ìwé-àṣẹ ọgbọ́n yìí ní ọdún 1881. Èyí tí a kò bá lọ́ di eríàlì: ariwo fíríìjì, ariwo sítébíláísà, gbogbo rẹ̀ ni ó ń kó jọ.

A rántí London, níbi tí a ti kọ́ṣẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọdún 1981 ní wáyà kẹta, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí agogo tẹlifóònù lè dún. Tẹlifóònù òde òní kò nílò rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó ń gba ariwo sínú okùn, ọ̀pọ̀ onílé ni íntánẹ́ẹ̀tì wọn sì yára sí i lọ́jọ́ tí wọ́n tú u. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa, nígbà náà, pé àìmọ̀ yìí jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú.

Ghana kúkú kì í ṣe ará ẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1995 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nii Quaynor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti so ilẹ̀ náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣáájú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Okùn SAT-3 gba abẹ́ òkun láti Pọ́túgàl, ó kan Àkrá, Kútọnu àti Èkó, ó sì ń lọ dé South Africa. Ti MainOne tẹ̀lé e ní ọdún 2010, nǹkan bí kìlómítà 7,000 láti Pọ́túgàl wá sí Àkrá àti Èkó. Gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn ni ọ̀rọ̀ sáré gbà láìṣìnà, ó wá dé àjà ilé kan ní Alajo, ó sọnù. Ìmọ̀ wà ní Àkrá. Ẹni tí yóò gbé e dé àjà ilé ní èdè tí onílé gbọ́ ni kò sí. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí módẹ́ẹ̀mù Tíṣà, ó sọ ọ̀rọ̀ fílítà ní ìlà méjì, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà tíntìntín. Fílítà kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi sínú rẹ̀.

Òǹkàwé wa ní Ìbàdàn lè bi wá pé kí ni ó kàn án, níwọ̀n ìgbà tí GSM tí ó dé ní ọdún 2001 ti sọ tẹlifóònù onílé di ìtàn nílé wa. Kí ó kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ó gbé ẹ̀rọ Wi-Fi tirẹ̀ sí, bóyá kì í ṣe ẹ̀yìn fíríìjì.

A ra fílítà ní Circle lọ́jọ́ kejì, a ra wáyà tòótọ́, a sì gé gbogbo ẹ̀ka òkú kúrò. Kílóbíìtì 3,600 ni pálọ̀ ń kọ nígbà tí a parí. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin Tíṣà fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́, tẹlifóònù dún lẹ́ẹ̀mejì láàárín, okùn kò já. Tíṣà ká wáyà tí a gé sọ̀kalẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ìkọ̀wé. Nígbà tí àwọn ọmọ dé lọ́jọ́ kẹta, ó fi ìbéèrè WAEC sílẹ̀ ná, ó ya ilé náà sójú pátákó pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ibi tí gbohùngbohùn ti ń wá.