Adìẹ Tó Mọ Ọwọ́ Ènìyàn: Bí A Ṣe Ń Gbé E àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ìgbẹ́ Rẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé, a máa ń rí adìẹ kan tí ọmọdé ti sọ di ọ̀rẹ́. Yóò máa tẹ̀ lé ọmọ náà kiri, yóò máa jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà a ní eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n èrè ń bẹ nínú eré yìí.

Ní ọdún kan, mo gbé oògùn àjẹsára lúkúlúkú lọ sí abúlé kan. Ilé kan ṣoṣo ni a ti rí gbogbo adìẹ mú, nítorí pé ọmọbìnrin ilé náà ti mú kí wọ́n mọ ọwọ́ ènìyàn. Ní àwọn ilé yòókù, adìẹ gun òrùlé, òmíràn wọ igbó, títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ọyẹ́ dé, lúkúlúkú wọ abúlé náà. Adìẹ ọmọbìnrin yẹn ló pọ̀ jù nínú èyí tó ṣẹ́kù.

Báwo ni ẹ ó ṣe ṣe é? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà òròmọdìẹ. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ fi àgbàdo lílọ̀ tàbí ikán sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ má sì lé wọn. Ẹ má ṣe na ọwọ́ sí wọn láti òkè, nítorí òkè ni àṣá ti ń wá. Ìsàlẹ̀ ni kí ọwọ́ yín ti wá.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé adìẹ, ẹ ki àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ àyà rẹ̀, kí ẹ fi ìka di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì pa ìyẹ́ apá rẹ̀ mọ́ra. Ẹ má fún àyà rẹ̀ pinpin: bí egungun àyà kò bá ráyè lọ síwá sẹ́yìn, adìẹ kò lè mí, ó sì lè kú sí yín lọ́wọ́. Ẹ má fi ìyẹ́ apá kan gbé e, ẹ má sì dorí rẹ̀ kodò bí ti ọlọ́jà. Bí ó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ yẹ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ wò bóyá iná wà níbẹ̀.

Ó lè yàgbẹ́ sí yín lára o! Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí ìta, kí ẹ sì wọ aṣọ iṣẹ́. Funfun orí ìgbẹ́ náà ni ìtọ̀ rẹ̀. Èyí tó pọ́n, tó ń fà, tó sì ń rùn, tí ẹ ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àìsàn. Èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú ni kí ẹ kíyè sí. Ẹ kó ìgbẹ́ náà jọ kí ó jẹrà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó lò ó sí ẹ̀fọ́, nítorí tútù rẹ̀ a máa jó ewé.

Adìẹ tó dá ṣáká lójú lè gbé kòkòrò tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Nítorí náà, ọṣẹ àti omi lẹ́yìn gbogbo ìfọwọ́kàn. Kí ọmọ má fi ẹnu ko adìẹ lẹ́nu. Kí adìẹ má sùn ní yàrá tàbí ilé ìdáná. Àgò ni ibùsùn rẹ̀.

Èyí tó le jù rè é: ọmọ tó fẹ́ràn adìẹ ni yóò kọ́kọ́ gbé e mọ́ra nígbà tó bá ń ṣàìsàn. Àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu wọ Nàìjíríà ní 2006, ó sì pa obìnrin kan ní Èkó ní oṣù kìíní 2007. Ẹ kọ́ ọmọ yín pé bí adìẹ bá wúgbọ tàbí tó kú, kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó pe àgbà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má pa á jẹ, ẹ má tà á. Ẹ ránṣẹ́ sí oníṣègùn ẹran kíákíá.

Oògùn àjẹsára kò wo adìẹ tó ti ń ṣàìsàn sàn. Nítorí náà, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ pe òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àdúgbò yín. Ẹ̀kán kan lójú adìẹ kọ̀ọ̀kan ti tó. Adìẹ tó mọ ọwọ́ yín kò ní sá lọ́jọ́ náà.