"Ọ̀dọ̀ ta lo máa dé sí?" Ìbéèrè tí òfin Berlin ń bi ọ̀dọ́ tó ríṣẹ́ síbẹ̀

Bí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Toronto bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun ti ríṣẹ́ sí ìlú Berlin ní Jámánì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má kọ́kọ́ bèèrè owó oṣù. Ohun tí wọ́n máa bèèrè ni pé, "Ọ̀dọ̀ ta lo máa dé sí?" Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni, ti ìgbà tí bàbá kúrò ní Ìbàdàn, tó sì ń sùn sórí àga ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Wọ́n gbà pé fóònù ọwọ́ àwọn á bá àwọn wá ilé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní Berlin, òfin ìlú gan-an ló ń bèèrè ìbéèrè yẹn, ẹni tí kò bá sì rí ìdáhùn sí i, iṣẹ́ tó tìtorí rẹ̀ wá lè fẹ́ dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìwé kan ló ń bí òmíràn

Òfin ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jámánì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá kó wọ ilé gbọ́dọ̀ lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Anmeldung ni wọ́n ń pe ìforúkọsílẹ̀ náà. Ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ń pè ní Bürgeramt ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sì sí owó tí wọ́n ń gbà fún un ní Berlin. Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹ gbọ́dọ̀ mú fọ́ọ̀mù kan dání tí ẹni tó gbà yín sílé ti buwọ́ lù. Wohnungsgeberbestätigung ni orúkọ fọ́ọ̀mù náà. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ẹ̀rí látọ̀dọ̀ ẹni tó fún ni nílé. Ìwé àdéhùn tí ẹ bá onílé ṣe kò lè dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ ni ìjọba máa fi nọ́mbà owó orí yín, tó jẹ́ díjíìtì 11, ránṣẹ́ sí yín nínú lẹ́tà. Nọ́mbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ yín ń dúró dè. Bí kò bá sí i, wọ́n lè máa yọ owó orí yín ní ìpele kẹfà, níbi tí wọ́n ti ń yọ owó jù lọ. Òótọ́ ni pé ìjọba á dá èyí tó lé padà nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n onílé kò ní dúró de ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ báńkì náà tún máa ń bèèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ yìí kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún àlejò.

Ohun kékeré kan tún wà tó máa ń kó àlejò sí wàhálà: orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lára àpótí lẹ́tà ilé náà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Berlin kì í ní nọ́mbà yàrá nínú àdírẹ́sì, orúkọ ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò. Bí ìwé ìrìnnà bá pè yín ní Olúwaṣeun, tí ẹ wá kọ "Seun" lásán sára àpótí láìsí orúkọ ìdílé, lẹ́tà náà lè padà síbi tó ti wá. Ẹ kọ orúkọ ìdílé yín síbẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé.

Ilé tí kò ní ìwé

Ẹ ó rí ìpolówó ilé tó dára, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kò sí àyè fún Anmeldung. Lọ́pọ̀ ìgbà, ayálégbé kan ló fẹ́ fi yàrá rẹ̀ háyà láìjẹ́ kí onílé mọ̀. Ẹ lè sùn níbẹ̀, ẹ lè sanwó níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tí a sọ lókè yìí kò ní jáde. Àwọn kan tún wà tó ń ta àdírẹ́sì fún ẹni tí kò gbé inú ilé náà rárá. Ẹ sá fún wọn. Owó ìtanràn ẹni tó bá ń fi irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ lọni lè tó 50,000 yúróò.

Ẹ tún mọ bí wọ́n ṣe ń ka owó ilé. Kaltmiete, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ owó ilé tútù, ni ti ilé nìkan. Warmmiete, owó ilé gbígbóná, ni èyí tí wọ́n ti fi owó omi àti ti ohun tó ń mú ilé móoru kún. Iná mànàmáná sábà máa ń dá dúró. Owó ìdógò tí onílé ń gbà kò gbọ̀dọ̀ ju owó ilé tútù oṣù 3 lọ, òfin sì fún yín láyè láti san án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí ẹni tó ní òun wà lókè òkun tí òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí yín.

Tí lẹ́tà kan bá dé tó ní kí ẹ máa san 18.36 yúróò lóṣooṣù fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ má rò pé gbájúẹ̀ ni. Òfin ni. Ṣùgbọ́n ilé kọ̀ọ̀kan ló ń san án, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta nínú ilé, ẹnì kan péré ló máa san án, kí ẹ̀yin tó kù dá a padà fún un.

Ẹ̀yin tó ní ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó, Amẹ́ríkà tàbí Kánádà

Ìwé ìrìnnà yìí wúlò, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Ẹ lè wọ Jámánì láìgba físà, kí ẹ sì bèèrè ìwé àṣẹ ìgbélùú láàárín ọjọ́ 90. Àmọ́ ẹ kò gbọ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìwé tó fún yín láṣẹ iṣẹ́ tó jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, lẹ́yìn tí Bìrìtìkó kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù àti ọmọ Houston ti di ọgbọọgba lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bá ilé-iṣẹ́ yín sọ ọ́ kí ẹ tó fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀.

Ẹ lọ wá èèyàn

Ohun tí àwọn òbí yín mọ̀ nìyí: èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, ilé ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ má tijú láti ní kí ìyá yín bèèrè nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ tàbí nínú ìjọ rẹ̀ bóyá ẹnì kan ní àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ní Berlin. Yàrá kan fún oṣù 2 lọ́wọ́ ẹni tó máa buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn níye lórí ju òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá lọ.

Ẹ tún dé àdúgbò Wedding. Apá kan níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Afrikanisches Viertel, ìyẹn Àdúgbò Áfíríkà, níbi tí Togostraße àti Kameruner Straße wà láti ayé ìgbà tí Jámánì ń jọba lé Togo àti Cameroon lórí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n yọ orúkọ Nachtigal, tó gba ilẹ̀ méjèèjì fún Jámánì, kúrò lára gbàgede kan níbẹ̀. Orúkọ Manga Bell ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ọba Duala tí àwọn ará Jámánì so kọ́ ní ọdún 1914, àti ìyàwó rẹ̀ Emily. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà fi jà fún un. Àwọn tó ti pẹ́ ní Berlin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àlejò bi léèrè ọ̀nà, torí àlejò lójú, kò fi ríran.

Ẹ̀kọ́ ilé yín náà á ràn yín lọ́wọ́. Èdè Jámánì ní "du" àti "Sie" bí tiwa ṣe ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Ẹni tí wọ́n ti bá wí nílé rí pé kò fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀ kò ní ṣi "Sie" lò ní Bürgeramt. Ẹ sì rántí pé láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, ariwo kò sí, kódà bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí yín.

Bí ọdún kan bá sì kọjá, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, ọmọ ẹlòmíràn á pè láti Lọ́ńdọ̀nù pé òun ti ríṣẹ́. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé, ẹ tẹ́ ibùsùn fún un, kí ẹ sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀.