Owó Iṣẹ́ Tí A Dá Dúró Di Ọjọ́ Ogbó, àti Bí Fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà Ṣe Ń Ròyìn Rẹ̀

Lọ́dọọdún, kí oṣù kìíní tó parí, ó di dandan fún ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà láti fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀mù W-2. Iye owó tí òṣìṣẹ́ náà gbà ní ọdún tí ó kọjá àti owó orí tí a yọ nínú rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ni ó ń gbà á. Ẹlòmíràn a wo iye tí ó wà nínú àpótí 1, a sì ní ọ̀gá òun ti rẹ́ òun jẹ. Ìrẹ́jẹ kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú òṣìṣẹ́ kan tí owó ọdún rẹ̀ jẹ́ dọ́là 50,000. Ó ní kí wọ́n dá dọ́là 5,000 dúró nínú rẹ̀, kí wọ́n fi í sínú ètò 401(k), èyí tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti inú abala òfin owó orí tí a ṣe ní 1978. Dọ́là 45,000 ni yóò bá nínú àpótí 1, nítorí ìjọba àpapọ̀ kò tíì gba owó orí lórí èyí tí ó dá dúró. Ṣùgbọ́n dọ́là 50,000 gééré ni ó wà nínú àpótí 3 àti àpótí 5. Àpótí 3 wà fún owó ìfẹ̀hìntì ti ìjọba, àpótí 5 fún ìtọ́jú ìlera àwọn àgbà. Owó àwọn méjèèjì yìí kì í dúró de ọjọ́ ogbó. Dọ́là 6.20 ni a ń yọ fún ti àkọ́kọ́ lórí dọ́là 100 kọ̀ọ̀kan, dọ́là 1.45 fún ti èkejì. Àpapọ̀ rẹ̀ lórí owó ọkùnrin yìí jẹ́ dọ́là 3,825. Dọ́là 5,000 náà kò sọnù: ó wà nínú àpótí 12, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà D.

Ọjọ́ tí ó bá gba owó náà ni owó orí yóò tó bà lé e. Bí ó bá sì gbà á kí ó tó pé ọmọ ọdún 59 àti ààbọ̀, ìjọba yóò tún gba dọ́là 10 lórí dọ́là 100 kọ̀ọ̀kan, àfi bí ọ̀ràn rẹ̀ bá wà nínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ kó owó yìí wálé wá fi kọ́lé kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà tí àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga sábà máa ń bá lò. Èyí kò dà bí àjọ tí a kó fún alájọ tí a fọkàn tán. Ìlérí lásán ni, owó ṣì wà lápò ọ̀gá. Bí ilé-iṣẹ́ bá wó, òṣìṣẹ́ náà yóò tò sáàárín àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ ní gbèsè. Òfin 2004 sì le lórí rẹ̀: bí ètò náà bá tàpá sí i, owó orí di sísan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú dọ́là 20 lórí dọ́là 100 kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a bá san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ti fẹ̀hìntì, W-2 ni yóò tún gbà, bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ọdún náà rárá. Owó náà a hàn nínú àpótí 1 àti àpótí 11. Kí ó wo àpótí 11 dáadáa, nítorí òun ni ó ń sọ fún àwọn tí ń san owó ìfẹ̀hìntì ti ìjọba pé iṣẹ́ àtijọ́ ni owó náà wà fún. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní àṣìṣe, kí ó béèrè fún W-2c, èyí tí í ṣe fọ́ọ̀mù àtúnṣe, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó fún un.